Ìgò Àna Lójú Fèrèsé

Kí n tó fẹnu kan bíà yẹn rárá ni mo ti mọ ìtàn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Bíà ìgbà ìkórè àwọn ará Jámánì ni. Ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń pọn ọ́n, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ síbi tútù ní gbogbo ìgbà ooru, ó di ìgbà tí ewé igi bá ń wọ́ kí wọ́n tó mu ún. Wọ́n ń rẹ ọkà bálì títí yóò fi hù, bí àwọn obìnrin abúlé Goro nítòsí wa ṣe ń rẹ ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pọn ọtí, wọ́n á wá yan án díẹ̀. Wọ́n ní bí èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná ló ń rí lẹ́nu, ahọ́n á sì mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ló máa rí irú rẹ̀ ní Tchaourou, ìlú wa? Nígbà tí àfẹ́sọ́nà àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì lọ́hùn-ún, fi ìgò kan ránṣẹ́ sí mi ṣáájú kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Ohun kan ṣoṣo ló bà mí lẹ́rù: ìgò aláwọ̀ ewé ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ irú ìgò bẹ́ẹ̀, ó sì ń ba òdòdó kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà jẹ́. Mo ní kí a gbé e sẹ́yìn àmù, níbi tó ṣókùnkùn.

“Ẹ̀bùn àna? Sẹ́yìn àmù?” ni ìyá mi wí. “Ṣé a jí i ni?”

“Màmá, ìmọ́lẹ̀ á bà á jẹ́.”

“Ìmọ́lẹ̀ wá di ohun tó ń ba ọtí jẹ́! Ìwọ àti fóònù rẹ. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ dé, kí wọ́n bá a nínú òkùnkùn, kí wọ́n ní a ò ka ọmọ àwọn sí?”

Lọ́dọ̀ wa, ohun tí àna bá fi ránṣẹ́, gbangba ló ń wà títí olúwarẹ̀ yóò fi dé, òun ni yóò sì ṣí i. Ìyá mi gbé ìgò náà sójú fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, ó yí ìwé ara rẹ̀ síta kí àwọn tó ń gba ọ̀nà Kika kọjá lè rí i. Láràárọ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á gba inú rẹ̀ kọjá, á tan àwọ̀ ewé sára ògiri. Bí mo bá fi aṣọ bò ó, ìyá mi á ká a kúrò.

Lọ́jọ́ tí àna wa dé, tonton rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló mú un wá, àgbà àgbẹ̀ kan láti abúlé Sanson. Àbúrò mi fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Ohunkóhun tí ẹnu yín bá bá pàdé, ẹ sọ pé ó dùn. Tonton yẹn ni yóò sọ bóyá wọ́n á fẹ́ mi, ẹ̀sùn ló sì ń wá.”

Àna wa ṣí ìgò, ó dà á sínú ife. Àwọ̀ rẹ̀ pé: ó pupa rúsúrúsú bí oyin, ìfófòó rẹ̀ sì dúró lórí, kò wọlẹ̀. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé ife súnmọ́ imú.

Asín. Asín tó kú sábẹ́ àpótí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Òórùn táyà tó ń jó sì tẹ̀ lé e. Mo mu ún, nítorí ara mi ni ojú gbogbo wọn wà. Èèpo búrẹ́dì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, fìrí báyìí, lẹ́yìn náà ni asín gorí rẹ̀, ó jókòó. Ó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu mi bí ọ̀rá ewúrẹ́ tó ti tutù. Itọ́ kún mi lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rẹ̀,” ni àna wa wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Báwo ló ṣe rí?”

“Ó dùn.” Imú ni ohùn mi gbà jáde.

Tonton náà mu tirẹ̀, ó sì tu ú gba ojú fèrèsé. Adìyẹ tó wà níta sá.

“Ó dùn kẹ̀? Kí ló dùn nínú ìtọ̀ òbúkọ, quoi? Ọmọ yìí, èyí lo fi ránṣẹ́ sílé àna? O dójú tì mí! Dìde, ká máa lọ.”

Àna wa tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ ṣú. “Tonton, kì í ṣe bó ṣe máa ń rí nìyí. Mo búra.” Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu.

“Ẹ jókòó, tonton,” ni mo wí. “Ọmọ yín ò jẹ̀bi. Oòrùn ojú fèrèsé wa ló bà á jẹ́. Ibẹ̀ la gbé e sí láti ọjọ́ tó ti dé.”

Ó kọjú sí ìyá mi. “Kí lẹ gbé e síbẹ̀ fún?”

“Kí gbogbo ayé lè rí i.” Ìyá mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ó gba ife ọwọ́ mi. “Bó bá jẹ́ èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni màá mu ún.”

Ó mu ún. Mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àna wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀!” Ìyá mi mu ún tán, ó gùnfẹ̀, ó ní, bí ẹni pé oòrùn ò kàn án rí, “Ó tutù dáadáa.”

Tonton bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó padà jókòó.

N kò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti wà lẹ́yìn ilé, mo di igi ìbẹ́pẹ mú, mo ń bì. Àbúrò mi gbé omi wá bá mi, ẹ̀rín sì ń mú kí omi náà máa dà nù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wọ́n ti ń bèèrè ọjọ́ ìgbéyàwó,” ó wí.

Mo fi omi náà fọ ẹnu, mo tu ú. Asín ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí ó tún bu omi sí i wá.