Ìborùn Àlàájà Sàúdátù

Iwájú ilé Àlàájà Sàúdátù ni mo ti ń ránṣọ, nítorí náà kò sí ohun tó ń bí i nínú tí n kì í gbọ́. Obìnrin yìí fẹ́ràn ọmọ pípọ̀n ju oúnjẹ lọ. Ó pọn gbogbo ọmọ rẹ̀, ó tún pọn Yasir àti Mardiyah, àwọn ọmọ Síkírù àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí Rahmah, ìyàwó Síkírù, bí Fatihah, Àlàájà fi ọjà ike tó ń tà l'Ókè-Àje sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó lọ ra ọ̀já tuntun.

Oṣù mẹ́rin péré ló fi pọn ọmọ náà. Rahmah padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà n'Íjagun, ó ní jẹ́lé-ó-sinmi tó wà nítòsí ibẹ̀ ni òun yóò máa gbé e lọ, kí òun lè máa yọjú fún un lọ́yàn.

"Jẹ́lé-ó-sinmi?" Àlàájà bi mí. "Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ ilé mi?"

Bí owú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mọ́ṣádé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Fatihah níbẹ̀. Rahmah ní ọmọ mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun kan náà ló ń bọ́ wọn, tó ń pààrọ̀ ìtẹ̀dí wọn, tó ń rẹ̀ wọ́n sùn, kì í sì í jẹ́ kí ẹkún wọn pẹ́. Àlàájà a yínmú. Lọ́jọ́ tí Fatihah rí fọ́tò Mọ́ṣádé lórí fóònù ìyá rẹ̀, tó ń nawọ́ sí i, tó ń rẹ́rìn-ín, Àlàájà kò jẹun alẹ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ó ti ní orogún. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Àsìkò yẹn náà ni ìborùn aláwọ̀ ewé tó máa ń fi bo ọmọ lẹ́yìn dàwátì. Ó tú gbogbo ilé, ó fẹ̀sùn kan ọmọbìnrin tó ń bá a fọṣọ. Rahmah gbé báàgì ọmọ kọ́ apá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àlàájà ní kí n sin òun lọ s'Íjagun. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Rahmah ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ lọ́yàn tán ni. Oorun ń kun Fatihah. Àlàájà nawọ́ sí i. Ọmọ rẹ́rìn-ín sí i, ó sì yí ojú padà sọ́dọ̀ Mọ́ṣádé. Àlàájà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé ọmọ, ó sì fa aṣọ kan yọ nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Ìborùn aláwọ̀ ewé ni! Fatihah ki imú bọ̀ ọ́, kò sì pẹ́ tó fi sùn lọ.

"Olè!" Àlàájà figbe ta.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú," Mọ́ṣádé wí. "A máa ń ní kí àwọn ìyá mú aṣọ tó ní òórùn ẹni tí ọmọ fẹ́ràn jù nílé wá. Òun ló fi ń sùn lójoojúmọ́. A ò tiẹ̀ fọ̀ ọ́, kí òórùn yín má baà lọ."

Inú Àlàájà dùn débi pé kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó yíjú sí Rahmah láti yangàn. Rahmah ti kọ̀yìn sí wa, ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀. Ohùn owú tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu Àlàájà láti ọjọ́ yìí ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀:

"Aṣọ tèmi ni mo kọ́kọ́ mú wá, Màmá. Fatihah jù ú nù."