Ìkòkò Ló Ń Jẹun, Ilé Kì í Jẹun

Bí ẹ bá dé Àjàngbàdì lónìí, tí ẹ rí ẹnikẹ́ni tó ti ń gbé ibẹ̀ kí ọdún 1990 tó dé, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí Bàbá Ìmìtìtì yẹ ìdí ìkòkò wò ní pápá ilé ìwé. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá àga fún yín, torí ìtàn náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìdúró.

Ìjì ló jà lóṣù kẹfà ọdún 1992. Òjò ọjọ́ méjì tẹ̀ lé e, omi sì ya láti inú àbàtà ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá oníyàrá. Lọ́jọ́ kẹta, lọ́ríì kan kó ẹrù ìrànwọ́ dé: ìrẹsì, ẹ̀wà, mílíìkì àti kúbùsù. Bàbá Ìmìtìtì ló ní kí gbogbo àdúgbò gbé ìkòkò ìdáná wọn jáde, kí wọ́n tò wọ́n láti ìdí òpó góòlù títí dé ẹnu géètì. Ìkòkò kan, ìdì ẹrù kan. Bàbá wọ ṣòkòtò péńpé, ó dé fìlà àwọn atukọ̀ òkun, ó ń fi ọ̀pá dojú ìkòkò délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìdí wọn.

"Ta ló ni èyí?"

"Ìyá Sàdíátù ni, Bàbá."

"Ìdí rẹ̀ dú dáadáa. Ó ń dáná. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó dé ọ̀dọ̀ Abọ́lá, wẹ́dà tó ń gbé lẹ́bàá títì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà nílé, àmọ́ ìkòkò mẹ́ta ló tò síwájú. Ti àkọ́kọ́ dú. Ìkejì ń dán, bébà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bàbá fi ọ̀pá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná họ inú ìkẹta, èèpá aláwọ̀ eérú kan sì ṣí bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Abọ́lá, ta ló ni èyí?"

"Ìyàwó mi kejì ni, Bàbá."

"Áà, o kú oríire. Ṣé símẹ́ńtì ló máa ń sè fún ẹ jẹ?"

Ẹ̀rín bú sáyé. Ìyàwó Abọ́lá gan-an, tí kò gbọ́ rí pé òun ní orogún, ló gba ọ̀pá lọ́wọ́ Bàbá.

Ọmọ́wùmí wà níbẹ̀, ó jókòó ti ògiri kíláàsì, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà lọ́mú rẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìlà ìkòkò náà. Gbogbo ohun tó ní ló wà lábẹ́ ògiri tó wó. Òfin Bàbá sì ti ká a mọ́, torí òun nìkan ni kò ní ìkòkò kankan lórí ìlà yẹn.

Ta tiẹ̀ ni Bàbá Ìmìtìtì? Joseph Fẹ̀hìntọlá ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìpókíá, àmọ́ bí ẹ bá pe orúkọ yẹn ní Àjàngbàdì, ẹnikẹ́ni ò ní dá yín lóhùn. Yàrá kẹfà ló ń gbé nínú ilé Ìyá Kùdírátù, ilé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn. Ọmọ́wùmí àti Isaac ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ àjò, wà ní yàrá karùn-ún. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín, torí náà kò sí ìtàn tí Bàbá sọ tí Ọmọ́wùmí ò gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ní ogún ọdún lòun fi ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun. Ó ní lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ àwọn gúnlẹ̀ sí ìlú kan lókè òkun, orúkọ ìlú náà sì le débi pé ahọ́n òun ò gbé e. Bí wọ́n ṣe ń mu tíì àárọ̀ lọ́wọ́, ilẹ̀ mì tìtì. Ilé alájà mẹ́fà wó lu ilé alájà mẹ́rin. Ọ̀gá ọkọ̀ wo gbogbo òyìnbó tó wà níbẹ̀, kò rí ẹni tó mú ọpọlọ dání, ó ní, "Joseph, ìwọ ni kí o pín oúnjẹ fáwọn èèyàn yìí." Ìyá arúgbó kan níbẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó má ka ilé, kó máa ka ìkòkò. Ìyá náà ló sì ta á lọ́rẹ ìkòkò tí Bàbá fi ń dáná, ìkòkò alumíníọ̀mù ńlá kan tí wọ́n fi wáyà so etí rẹ̀ kan. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ ìdí rẹ̀. Ó ní èéfín ìlú yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rí òun nìyẹn.

Nígbà tí Ọmọ́wùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní 1988, igba èèyàn ni Bàbá bọ́ níbi ìmìtìtì ilẹ̀ náà. Kó tó di Kérésì, wọ́n ti di ẹgbẹ̀ta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pé ẹgbẹ̀rún, Ọmọ́wùmí ò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ̀ta lẹ sọ lọ́dún tó kọjá. Báwo ló ṣe wá di ẹgbẹ̀rún?"

Bàbá yọ ṣíbí lẹ́nu. "Àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ìtàn yìí kan náà ló fi ń ná ẹja gbígbẹ ní Ìyànà Ìbà. Kì í bá ẹlẹ́ja jiyàn rárá. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ kúrò ní Àpápá. Kí ilẹ̀ tó mì, oníbàárà mẹ́ta ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹlẹ́ja yóò sì bẹ̀ ẹ́ pé iye tó bá wù ú ni kó san, kó ṣáà máa lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ ní Òkokomáíkò, gbogbo ìgbà tí àsìkò ìjẹ́rìí bá tó ló ń dìde. Wòlíì fara dà á fún ọdún kan gbáko, ó wá ṣòfin pé ohun tí Ọlọ́run ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa jẹ́rìí sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá tún dìde.

"Ẹ bá mi yin Olúwa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí, lọ́jọ́ Wẹ́sidé, Ọlọ́run rán mi létí ìmìtìtì ilẹ̀ kan."

Èyí tó ń bí Ìyá Kùdírátù nínú jù ni ti àtẹ́rígbà. Bí tírélà bá kọjá lójú títì, tí fèrèsé bá mì, Bàbá yóò figbe ta pé, "Ẹ sá sábẹ́ àtẹ́rígbà! Ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì!" Ó ní ẹnu ilẹ̀kùn nìkan ni kì í wó pa èèyàn. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Kùdírátù sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ bò ó lójú, táwẹ̀lì kékeré ló fi bora. Típà tó ń kó yanrìn lọ sí Ìbà ló kọjá.

"Fẹ̀hìntọlá, ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mì lóòótọ́, mo búra, mi ò ní jáde!"

"Ẹ máa jáde, Ìyá Kùdí. Ẹ ti mọ ọ̀nà rẹ̀ báyìí."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìjì yẹn jà, Isaac wà lójú ọ̀nà Kánò, Ọmọ́wùmí sì na ara sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọmọ. Òrùlé kọ́kọ́ ké, Bàbá sì figbe ta lójú ẹsẹ̀: "Àtẹ́rígbà o! Àtẹ́rígbà!" Ọmọ́wùmí ti gbé ọmọ dìde, ó ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kó tó rántí pé ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni. Ògiri ẹ̀yìn wó lu bẹ́ẹ̀dì, lu sítóòfù, lu ìkòkò àti gbogbo ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kó jọ. Bàbá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì tó tẹ̀ lé lọ́ríì ẹrù wá lọ́jọ́ kẹta kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ìwé tí wọ́n fún un ló sì ń tẹ̀ lé. Ìwé náà sọ pé ilé mẹ́rin ló bàjẹ́, torí náà ìdì ẹrù mẹ́rin ni yóò já. Èyí tó bá kù, kó kó o padà sí sítọ́ọ̀.

"Ẹ bá mi pe onílé," ló wí.

"Èmi nìyí," Ìyá Kùdírátù dáhùn, ó na ọwọ́.

"Yàrá mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́?" Bàbá bi Adéníyì.

"Bàbá, ilé ni wọ́n kọ síbí o. Wọ́n á pín in láàárín ara wọn."

"Ìdì kan, ìdílé mẹ́wàá? Ọ̀gá, ẹ fetí sílẹ̀. Ilé kì í jẹun. Ìkòkò ló ń jẹun. Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ èèyàn ni mo fi ọwọ́ ara mi pín oúnjẹ fún níbi ìmìtìtì ilẹ̀ kan. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọkọ̀ wa kúrò ní Àpápá..."

Ní tòótọ́, ó sọ ọ́ fún un. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé àárín òkun, Adéníyì ti ń wo aago. Nígbà tí ìyá arúgbó fi máa yọjú, dírẹ́bà lọ́ríì ti sùn.

"Bàbá, tí mo bá ka ìkòkò, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ?"

"Kí ni mo ń sọ bọ̀ láti àárọ̀?"

"Ó dáa. Àmọ́ ẹni tí mi ò bá fojú mi rí ìkòkò rẹ̀, mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ o. Ọ̀gá mi máa bi mí."

"Kò burú. Èmi náà á yẹ ìdí wọn wò, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ yín jẹ," Bàbá wí. Báyìí ni òfin ṣe di òfin, tí gbogbo ìkòkò àdúgbò fi wà lórí ìlà, tí kò ku ẹyọ kan tí Ọmọ́wùmí lè yá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí pápá. Wọ́n ka ìkòkò mẹ́rìndínlógójì. Ó ku ẹyọ kan lẹ́nu géètì, èyí tí wáyà wà létí rẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀. Adéníyì gbé bírò sókè.

"Ti yín nìyí, àbí, Bàbá?"

"Rárá o. Ọmọ́wùmí ló ni ín. Ìyá ọmọ tuntun, yàrá karùn-ún."

"Ti yín wá dà?"

Bàbá ṣí fìlà atukọ̀ rẹ̀, ó fi nu ojú. "Èmi? Èmi ò mọ oúnjẹ í sè. Mi ò dáná rí láyé mi."

Abọ́lá pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo irọ́ tí ọkùnrin yìí ti ń pa, ó ń fi wọ́n gbé ara rẹ̀ ga ni. Èyí nìkan ló fi rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pa á níṣojú gbogbo ẹni tó ti gbọ́ pé ogún ọdún ló fi ṣe kúùkù. Adéníyì wo ojú àwọn èèyàn, ó ń retí ẹni tó máa já a nírọ́.

Ìyá Kùdírátù ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Òótọ́ ló ń sọ," ló wí. "Àwa là ń bọ́ ọ."

Adéníyì kọ orúkọ Ọmọ́wùmí sílẹ̀. Ọmọ́wùmí gbé ọmọ dání, ó lọ gba ìdì ẹrù rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó se ìrẹsì nínú ìkòkò oníwáyà náà, ó sì gbé abọ́ àkọ́kọ́ lọ bá Bàbá. Bàbá tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré."

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò mọ oúnjẹ í sè?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n sè. Mo mọ̀ ọ́n tọ́ wò."

Kò gba ìkòkò náà padà mọ́. Inú rẹ̀ ló ti ń jẹun lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà, òun àti ìdílé Isaac, ó sì ń bú iyọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà ọyẹ́ 1998, ó sùn, kò jí. Àwọn aláṣọ funfun wá sin ín. Ẹlẹ́ja Ìyànà Ìbà gbé ẹja gbígbẹ wá, kò sì gba owó.

Ọmọ́wùmí ní ìkòkò Bàbá lòun máa fi se oúnjẹ àwọn tó wá sìnkú, ó sì yẹ kó mọ́. Ó fi yanrìn àti kànìnkànìn họ ìdí rẹ̀, ó fọ ọ́ títí apá fi ro ó. Èéfín ṣí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà kan yọ, òmíì tún yọ. Ó kà á, ó tún un kà, ó sì pariwo pe onílé.

"Ìyá, ẹ wá wo ohun tí Bàbá ṣe fún wa o!"

Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣe ìkòkò náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sídìí rẹ̀ gàdàgbà.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ìyá Kùdírátù ní bóyá ilé oúnjẹ kan ní Àpápá ni bàbá yìí ti ṣe kúùkù, táwọn atukọ̀ ń wá sọ ìtàn ìmìtìtì fún un nídìí ìrẹsì. "Ta ló wá kọ́ ọ ní ìkòkò kíkà?" Ọmọ́wùmí bi í. Ìyá Kùdírátù bú sẹ́kún, àwọn méjèèjì sì sunkún náà pọ̀.

Ọmọ́wùmí gbé ìkòkò náà kaná igi. Èéfín tún bẹ̀rẹ̀ sí í bo Ìkẹjà mọ́lẹ̀, kò sì dùn ún. Mojí, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìjọ́sí tó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà, wá dúró tì í nígbà tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ.

"Màmá, èèyàn mélòó ni Bàbá bọ́ níbi ìmìtìtì ilẹ̀?"

Ọmọ́wùmí gbójú sókè. Abọ́lá àti ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo ń jẹun, wòlíì ń jẹun, ẹlẹ́ja ń jẹun, àwọn míì ṣì ń gba ẹnu géètì wọlé bọ̀.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Bàbá sọ fún mi pé ẹgbẹ̀rún méjì ni."

Ọmọ́wùmí fi etí ìró nu ojú.

"Àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."