Kẹ́ẹ̀gì Òfìfo Tí Bàbá Mi Gbé Wọ Ọkọ̀

Ìró ìgò ló kọ́kọ́ ta sí mi létí. Mo ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì mi ní Peckham, nílùú òyìnbó, lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, nígbà tí Tèmi, ọmọ àbúrò mi, gbé báàgì kan ka orí tábìlì, tí àwọn ohun inú rẹ̀ ń kọlu ara wọn. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta láti Catford fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ọkọ̀ onígbòkun lórí òkun ilẹ̀ Gíríìsì. Ó ti ra ìgò jíìnì mẹ́rin lọ́jà Rye Lane.

"Aunty, àwọn shop tó wà ní island yẹn, they'll rinse us, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà," ó wí. "It's cheaper tí a bá gbé tiwa dání. Àbí kí lẹ rò?"

Ìró ìgò yẹn ti gbé mi lọ sórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, mo sì ti di ọmọ ọdún méje padà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi owó ńlá wọ ọkọ̀ onígbòkun láti gbafẹ́. Àwa ń wọ̀ ọ́ nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tá a lè gbà dé ìlú ìyá mi. Ẹní ni wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ tí kò fẹ́, àwa àti adìyẹ àti àpò gààrí a jókòó sáàárín omi, a ó máa wo ara wa. Ọdọọdún la máa ń lọ, ní àsìkò Kérésìmesì, nígbà tí bàbá mi bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé tí wọ́n ń ṣe ní Èkó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi la ń lọ kí, àwọn tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Etídò. Àwọn ló tọ́ ìyá mi dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú, àwọn nìkan sì ni bàbá tó kù fún ìyá mi láyé. Ògùrọ̀ ni wọ́n ń dá. Nílé wọn, àlejò tó bá fi ọkọ̀ dé, ọtí onílé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ètè rẹ̀ kó tó sọ pé òun ti dé.

Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ìgò jíìnì méjì ní Èkó, wọ́n ní ọtí abúlé máa ń jẹ́ kí inú run àwọn. Mo gbọ́. Kí ni mi ò kì í gbọ́ nígbà yẹn?

Nígbà tá a gúnlẹ̀, Bàbá Etídò ti gbé akèrègbè ògùrọ̀ kalẹ̀, ó ń hó yẹ́ẹ́, ahá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì fa ìgò méjì náà yọ tayọ̀tayọ̀.

Bàbá Etídò wo ìgò, wọ́n wo àna wọn. "Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín lọ́nà ni, tẹ́ ẹ fi gbé ọtí dání?"

Bí bàbá mi ṣe ń wá èsì, èmi ọlọ́gbọ́n ti rí i. Mo ní, "Bàbá mi ní ọtí ibí máa ń jẹ́ kí inú run àwọn."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bàbá Etídò gbé akèrègbè wọn lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì da ọtí náà sídìí àgbọn. Ìyàwó wọn ló sọ fún ìyá mi lẹ́yìn náà pé láti ìdájí ni wọ́n ti wà lórí àkàbà, tí wọ́n ń lé àwọn oníbàárà padà nítorí wa. Lọ́jọ́ tá a ń padà, wọn kò sìn wá dé etí omi. Ìyá mi sunkún títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní, "Mi ò nílé mọ́." Mo mọ̀ pé ẹnu mi ló jó ilé náà, ó sì dùn mí wọ egungun.

Lọ́dún kejì, ìyá mi kò dárúkọ ìrìn àjò. Bàbá mi ló sọ pé ká dẹrù. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan ni wọ́n gbé sórí itan nínú ọkọ̀. Nígbà tá a dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, tàwọn ti ṣòkòtò funfun Èkó, wọ́n sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà síwájú àna wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, òùngbẹ ti ń gbẹ mí láti Èkó."

Bàbá Etídò wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ agbẹnusọ, ṣé inú ò ní run bàbá ẹ báyìí?"

Mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bu ọtí sínú ahá, wọ́n ní kí n gbé e fún bàbá mi. Bàbá mi mu ún tán. Nígbà tá a ń padà sí Èkó, ògùrọ̀ tí Bàbá Etídò rọ kún kẹ́ẹ̀gì náà fún wa hó, ó ta ìdérí dànù, ó sì bo ṣòkòtò funfun náà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọdún ti gorí ọdún. Bàbá Etídò ti lọ, àwọn òbí mi náà ti lọ.

"So ká rà á níbẹ̀?" Tèmi bi mí nígbà tí mo sọ ìtàn náà tán.

Mo ní kó máa gbé ọtí rẹ̀ lọ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó fi àyè sílẹ̀ nínú báàgì, torí kò mọ ohun tí ẹnì kan ti gbé kalẹ̀ dè é. Ó rò ó díẹ̀, ó yọ ìgò méjì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí báàgì ńlá tí mo ti dì sínú yàrá, tí mo fẹ́ gbé lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀ fún àwọn ọmọ Bàbá Etídò. Rye Lane ni gbogbo rẹ̀ ti wá: ìrẹsì, ọṣẹ, tíì, títí kan ẹja inú agolo. Ẹja, fún àwọn tó ń gbé etí ọ̀sà! N kò sì bi wọ́n rí pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́ dè mí.

Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo wọ yàrá lọ, mo sì yọ ìdajì ẹrù náà kúrò nínú báàgì.