Ṣọ́ọ̀kì Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń dá mi padà sí àárọ̀ Sátidé kan ní Festac, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé alájà mẹ́rin tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan là ń rí. Ìyá mi dúró lójú fèrèsé lókè, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. Oyún méjì ti wálẹ̀ lára rẹ̀ ṣáájú èyí, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tó ń jù ú sókè sódò. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń retí rẹ̀ ní ọsibítù, kí ó lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi bímọ. Takisí ìgbà náà kò sì sàn ju ọkọ̀ tiwa lọ.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, lápá ibi tí ìyá mi máa ń jókòó sí, ló ti kú. Irin gígùn yẹn ló yẹ kó máa jìyà kòtò kí ẹni tó jókòó má baà jẹ ẹ́. Tiwa ti ń da ọ́ìlì. Bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á kàn wọlé wọ̀ọ̀ bí ohun tí kò ní egungun. Nígbà náà, bí ó ti rí títí dòní, ẹni tó bá ń lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ gbé èyí tó bàjẹ́ dání, kí wọ́n lè fi wé èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Èmi ni bàbá mi gbé e fún. Ó ní, "Dì í mú dáadáa. Má gbé e kalẹ̀ níbikíbi."

Ojú ń tì mí láti gbé irin eléèérí gba iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọjá. Nígbà tí bàbá mi wọlé lọ wẹ̀, mo da kẹrosíìnì sí i, mo fi eérú àti kànìnkànìn ha á bí ìyá mi ti kọ́ mi láti máa ha ìdí ìkòkò. Ó mọ́ tónítóní. Bàbá mi jáde, ó wò ó, ó mi orí. "Òkú lo wẹ̀ yìí o." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ní Mazamaza, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ìsọ̀ mẹ́ta la yà kí a tó rí èyí tó bá tiwa mu. Ti àkọ́kọ́ gùn jù, ihò ti èkejì kò gba bóòtù, ti ẹ̀kẹta ti ń da ọ́ìlì bíi tiwa. Bàbá mi ń wo aago rẹ̀ ṣáá. Ẹni kẹrin tí a bá jẹ́ ọmọ Ìgbò kan tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Mushin. Ó mú tókúnbọ̀ kan jáde, bàbá mi tẹ̀ ẹ́, ó le, ó sì rọra padà sókè. Ni ọkùnrin náà bá rí ti ọwọ́ mi. "Ọ̀gá mi, ẹ wò ó, ọmọ yín fọ òkú irin mọ́ ju ọjà mi lọ! Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, kó wá máa fọ gbogbo ìsọ̀ yìí."

"Ilé-ìwé ló ń lọ. Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Àwọn ará ìsọ̀ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Mo gbé irin náà lé orí tábìlì kí wọ́n lè rí i dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fẹ́ rà. Ọkùnrin náà ń ṣàwàdà lọ, ó fa ìwé ìròyìn yọ, ó fi di ọ̀kan nínú méjèèjì, ó sì gbé e fún mi.

Inú bọ́ọ̀sì ni ìwé náà ti ya. Àtàǹpàkò mi bọ́ sínú ibi kan tó tẹ̀ wọnú lára irin náà, ibi tí kànìnkànìn mi kò dé ní àárọ̀. Mo rọra fi orí rẹ̀ ti orúnkún mi. Ó wọlé wọ̀ọ̀.

Bàbá mi jókòó tì mí, ó ń kọ orin ìsìn lábẹ́lẹ̀, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ mélòó kan. Mo fi ìwé náà bò ó padà. Mo sọ fún ara mi pé bóyá mo ṣì í mọ̀.

Mẹkáníìkì wa kò sí nílé. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tó gbà pé òun náà mọ ọkọ̀ díẹ̀, wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Aago ti lọ, kò tún tẹ irin náà wò. Ó ti tẹ̀ ẹ́ ní ọjà. Èmi ni mo ń na bóòtù sí i. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ṣé ó ti dáa?"

"Ó ti dáa. Wọlé."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kò jọ tèmi: "Dádì, kì í ṣe èyí tí a rà. Tiwa ni."

Bàbá mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń jó bí ọkọ̀ ojú omi. Ó ní kí ìyá mi padà sókè lọ jókòó, ó tú irin náà, ó sì fà mí lọ́wọ́. Ẹgba ni mo ń retí. Nígbà tí a ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó bi mí pé, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Inú bọ́ọ̀sì, sà."

Ó gbé irin náà sí apá kejì. "O pẹ́ kí o tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Èèyàn lè gba irọ́. Títì kì í gbà á."

Ọkùnrin ìsọ̀ yẹn ti gbé èyí tí a rà pa mọ́. Ó pàdé wa lọ́nà, ó ń pariwo, "Ẹ̀yin lẹ gbé òkú lọ! Mo ti ń wá yín!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mi ti wà ní ọsibítù. Àbúrò mi obìnrin ni ó bí níbẹ̀, òun ló ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ báyìí.

Láti ìgbà òjò tó kọjá ni mo ti ń rántí ọjọ́ yẹn. Ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ tèmi náà ti kú nígbà náà, lápá ibi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, mo ti gbé òkú irin káàkiri Mazamaza dé Abúlé Adó, n kò rí irú rẹ̀. Ní àárọ̀ tí a fẹ́ lọ sí ọsibítù nítorí àìsàn rẹ̀, ìyàwó mi bi mí, "Dádì Tóbi, ṣé ẹ ti rí ṣọ́ọ̀kì yẹn?" N kò fẹ́ kí ó máa ronú nípa ọ̀nà. Mo ní, "Mo ti rí i. Wọ́n ti dè é."

Ní kòtò àkọ́kọ́, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó sì wò mí. Ohun tó sọ kò ju, "Ẹ rọra." Kò jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn títí a fi dé ọ̀hún, kò sì bá mi padà wálé. Àwọn dókítà ní ìrìn náà kọ́ ló fa ikú rẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo purọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì tán láàárín wa.

Mo rí ṣọ́ọ̀kì náà lẹ́yìn ìsìnkú. Ọkọ̀ náà kì í juni sókè sódò mọ́ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ń bẹ̀rù ẹgba, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Èmi tí kò sí ẹni tó lè nà mí mọ́, mo purọ́, mo ṣíná sí ọkọ̀, mo sì gbéra.