Ta Ni Ń Bọ̀ Lálẹ́?

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń fà mí lọ́wọ́ sọdá títì Yarnton Way, ìyá àgbàlagbà kan, ará Ìráàn, ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Thamesmead, nílùú Òyìnbó. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Gẹ̀ẹ́sì ò dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, èmi gbà pé ó gbọ́ Yorùbá.

Ó gbin òdòdó pupa kan, èyí tí Òyìnbó ń pè ní tulip, sínú ike níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Lálẹ́." Mo bá dúró ṣọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, òdòdó náà panu dé lóòótọ́! Mo sáré wọlé lọ sọ fún Mummy pé ìyá yẹn ń sọ Yorùbá. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó yá, ó fi fọ́tò ọmọbìnrin kan hàn mí. "My daughter," ó ní. "Lálẹ́." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Kí ni ọmọdé ìbá tún rò? Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lálẹ́ ni. Mo bá tún lọ sọ fún Mummy.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Mummy. Wọn kì í gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ kí wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbé e sínú kúlà, a sì lọ kanlẹ̀kùn.

"Mama, well done o. Your daughter is coming lálẹ́, àbí?"

Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ìyá náà ti Mummy sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde láìwọ bàtà, ó di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó sì kọjú sí títì nísàlẹ̀. "Lálẹ́! Lálẹ́!" Ó ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa kábù, ló dé bá wa níbẹ̀. Ó di ìyá rẹ̀ mú, ó wá ṣàlàyé fún wa. Lálẹ́ lorúkọ àbúrò òun. Òdòdó pupa yẹn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lédè wọn, wọ́n sì máa ń fi sọ ọmọbìnrin nítorí ẹwà rẹ̀. Wọ́n tún gbà pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n pa bá kán sí ló ti ń hù. Bọ́ǹbù ló pa àbúrò rẹ̀ nígbà ogun kan nílẹ̀ wọn, ìyá wọn ò sì rí òkú rẹ̀.

"Auntie, please," ó ní, "don't say it again."

Mummy kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ má bínú. In our language, it's only evening."

Láti ọjọ́ náà, a ò sọ "lálẹ́" mọ́ nínú ilé wa. Ògiri yẹn fẹ́lẹ́ jù. "Tí ilẹ̀ bá ṣú" la máa ń wí.

Wọ́n ti wó ilé náà báyìí. Ayé ti yí. Ta ló tún ń gbé oúnjẹ lọ bá aládùúgbò tí kò bẹ̀ ẹ́? Yorùbá ẹnu ẹ̀yin náà ò ju díẹ̀ lọ. Àmọ́ tí ọ̀kan nínú yín bá pè mí lórí fóònù pé, "Mummy, mò ń bọ̀ lálẹ́," àyà mi á já, n ò sì ní lè jókòó. Tí ẹ bá bá mi lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, ẹ má bi mí pé kí ni mò ń wò. Ẹ sáà máa tètè dé.