Ọ̀rẹ́ Àpáta àti Odò Tó Wọlẹ̀

Ihò mẹ́fà ni ọkùnrin kan gbẹ́ sí ìdí òkè kan ní ọdún tó ń kọ́ iṣẹ́ kànga, kò sì sí èyí tó jìn ju orúnkún lọ nínú wọn. Koríko ló ṣì í lọ́nà. Ó rí i pé koríko ìdí òkè náà tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ibòmíràn ti gbẹ, ó ní omi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ dígà mọ́lẹ̀, ó dún kàn-ín! Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún sọ ọ́ mọ́lẹ̀, kàn-ín! Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé lọ́sàn-án, ó ka ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì wo ojú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé kànga lò ń gbẹ́ ni, àbí ò ń kanlẹ̀kùn fún àpáta?"

"Ọ̀gá, koríko ibẹ̀ ló tutù, ẹ wò ó."

"Irun ń bẹ ní ìpàkọ́ apárí náà. Ṣé wàá torí ìyẹn gbé òòyà lé e ní àtàrí?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀rẹ́ Àpáta. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè, títí tí àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá fi gbàgbé èyí tí wọ́n sọ ọ́.

Àṣìṣe náà kéré, ṣùgbọ́n ó yẹ ká là á yé ara wa, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà ló ṣì ń ṣe é. Akọ òkúta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ a yọ̀ gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, a sì dúró nínú ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀. Ìyẹn ni koríko ń mu. Lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà, òkúta ni, ìsàlẹ̀ òkúta, òkúta ni. Omi kankan kò sí nínú rẹ̀ àfi níbi tó bá ti sán. Odò pàápàá mọ èyí: lórí akọ òkúta, ojú sísán ni odò ń tọ̀, á lọ gbọọrọ, á sì ṣẹ́rí lójijì bí ìgúnpá.

Lẹ́yìn ihò mẹ́fà yẹn, Ọ̀rẹ́ Àpáta kò gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ rìn ín. Á wọ bàtà rọ́bà tó ti gé lọ́rùn, á kó ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sápò, á máa wo bí òkè ṣe dúró àti ibi tí odò ń gbà. Òkè tó rí roboto bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, akọ òkúta ni. Òkè tí orí rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́, tí odò rẹ̀ kò tó nǹkan, òkúta yanrìn ni. Omi rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ó dùn. Ilẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀, tí odò wẹ́wẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹ̀ka igi, tí omi wọn sì pọ́n, amọ̀ tó le di òkúta ni. Amọ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi ń wá ọ̀nà ara rẹ̀ lójú ilẹ̀. Àwọn kan rò pé ikọ́ ló ń jẹ́ kó máa kó ọsàn wẹ́wẹ́ kiri. Rárá o. Ó ń fún un sórí òkúta ni. Bí òkúta náà bá hó, òkúta ẹfun ni, Ọ̀rẹ́ Àpáta á sì kó irinṣẹ́ rẹ̀, á máa lọ sílé. Kò tíì gbẹ́ kànga lórí òkúta ẹfun rí, kò sì fẹ́ gbẹ́.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Oníbúrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi yan búrẹ́dì nínú yàrá kan tó rẹ́ǹtì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gọ́tà. Nígbà tó yá, onílé ní òun fẹ́ gba yàrá òun, ó sì fún un ní oṣù mẹ́ta. Obìnrin náà ti ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ilẹ̀ náà fẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára, ọ̀nà mọ́tò sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní omi. Agbẹ́kànga méjì ti gbẹ́ ihò gbígbẹ síbẹ̀ kí wọ́n tó sá lọ. Kò sì sí ẹni tó lè po ìyẹ̀fun láìsí omi. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí kànga, á ta àwo ìyanbúrẹ́dì rẹ̀, á sì lọ dúró sí oríta, á máa ta búrẹ́dì ẹlòmíràn.

Ó mú àbúrò rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́ Àpáta fún ọsàn sórí òkúta funfun kan. Ó hó ṣùú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bi mí kí ẹ tó ra ilẹ̀ yìí?"

"Mi ò bi ọ́. Ṣé ìwọ lọkọ mi ni?"

"Òkúta ẹfun nìyí. Omi kì í dúró lórí ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kì í dúró. Níbo ló ń lọ?"

Ọ̀rẹ́ Àpáta tún fún ọsàn kejì sórí òkúta náà.

"Ìwọ lo kọ́ṣẹ́ omi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Búrẹ́dì lèmi kọ́. Ṣé mo ti wá bá ẹ rí pé kó o bá mi mú kí búrẹ́dì wú?"

Bíríkìlà tó fẹ́ kọ́ ilé náà wà níbẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ti kan èèkàn ààrò sínú kòtò pẹrẹsẹ kan tó rí roboto bí abọ́, ó ní ibẹ̀ kò gba atẹ́gùn. Ọ̀rẹ́ Àpáta yí kòtò náà ká, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òjò rọ̀ ní àná, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò dúró níbẹ̀.

"Má kọ́ nǹkan kan síbí. Abẹ́ ẹ̀ ṣófo."

"Ọ̀rẹ́ Àpáta, bá òkúta ẹ sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n bá bíríkì tèmi sọ̀rọ̀."

Òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ kòtò náà ti jìn, ó fẹ̀ tó ojú ilẹ̀kùn, bárò bíríkìlà àti ṣọ́bìrì rẹ̀ sì ti bá a lọ. Ọkùnrin náà dúró létí ihò, ó kó ọwọ́ lérí.

"Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ kí n dúró sí kí n máa yan búrẹ́dì?" ni oníbúrẹ́dì bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bú mi lónìí. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ́ Àpáta ti ń ronú. Odò kan wà ní òkè ilẹ̀ náà, tó ń ti orí ilẹ̀ amọ̀ bọ̀. Bó ṣe dé orí òkúta ẹfun ló wọ ihò kan lábẹ́ igi ńlá, kò sì jáde mọ́. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé odò náà kú síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Omi òjò ń jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń lá ṣúgà, títí ojú sísán rẹ̀ fi di ihò, tí ihò sì di ọ̀nà. Odò náà kò kú. Ó kàn ń rìn nínú ilẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí odò lójú ilẹ̀ níbẹ̀, tó jẹ́ kòtò bí abọ́ ló kún ibẹ̀.

Ìsun méjì ló wà ní ìsàlẹ̀. Ọ̀kan tóbi, ó wà létí ọ̀nà. Èkejì kéré, ó wà lẹ́yìn àgbàlá alágbàfọ̀ kan. Bí a bá mọ èyí tí odò náà ń bá jáde, a ó mọ ọ̀nà tó ń gbà lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ Àpáta gba àpò èérí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn èèpo àlìkámà tó máa ń kù sínú asẹ́. Ó ní ìsun ńlá ni omi ńlá ń bá jáde, ó sì ní kí obìnrin náà lọ gbé asẹ́ jókòó tì í. Òun dúró lábẹ́ igi, ó da èérí sínú ihò.

Èérí kankan kò jáde títí ọjọ́ fi rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jókòó.

"Mo pa búrẹ́dì tì, mo wá ń ṣọ́ omi bí ẹni ń ṣọ́ adìẹ," ni oníbúrẹ́dì ń wí. "Oṣù kan ti lọ nínú mẹ́ta. Bó bá di ọ̀sán tí mi ò rí nǹkan kan, mò ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀."

"Ara wo ló tún kù tí n ó fi balẹ̀?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni obìnrin gíga kan ti yọ sí wọn, tí omi ọṣẹ ń kán ní ìgúnpá rẹ̀, tó na ẹ̀wù funfun kan síwájú. Alágbàfọ̀ ni. Ẹnì kan ló júwe obìnrin tó gbé asẹ́ jókòó létí ọ̀nà fún un.

"Ta ló ń bọ́ adìẹ nínú omi mi nínú yín? Ẹ̀wù lọ́yà nìyí o! Mọ́kànlá ni mo sá, mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló dà bí ẹni tó sùn nínú àpò ìyẹ̀fun!"

Oníbúrẹ́dì gba ẹ̀wù náà, ó họ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé e sẹ́nu, ó sì fò sókè.

"Tèmi ni! Èérí tèmi ni!" Ó dì mọ́ alágbàfọ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Obìnrin yìí, ṣé ara yín yá?"

Ọ̀rẹ́ Àpáta ti sáré gun òkè. Ihò abẹ́ igi, kòtò tó gbé bárò mì, àti ìsun alágbàfọ̀: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sórí ìlà kan, ojú sísán kan lára òkúta sì gba àárín wọn kọjá. Ó gba pé òun ṣì í nípa ìsun ńlá, ó sì kan èèkàn sórí ojú sísán náà, ní ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún sí òkè kòtò, lórí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi gbẹ́ ẹ. Ó gbọ́ omi kó tó rí i. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Nígbà tó di ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógójì, òkúta ya, omi tútù sì bo kókósẹ̀ rẹ̀.

"Omi dé o!" ló pariwo.

Bíríkìlà, tó di okùn mú lókè, na ọrùn sínú kànga. "Ṣé o ò rí bárò mi níbẹ̀?"

Ìlànà kan wà tí Ọ̀rẹ́ Àpáta kò jẹ́ kí wọ́n rú. Òkúta yanrìn máa ń sẹ́ omi. Òkúta ẹfun kì í sẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n bá jù sínú ihò lókè, inú kànga ló ń bọ̀, èérí sì ti jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, wọ́n kó ìdọ̀tí abẹ́ igi náà kúrò, wọ́n fi ọgbà yí i ká, wọ́n sì ń se omi náà kí wọ́n tó mu ún. Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹ̀wù mọ́kànlá náà fọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tó yan búrẹ́dì àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun.

Ìròyìn náà kò pẹ́ tó fi tàn dé àwọn tó ń gbé orí òkúta ẹfun káàkiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pe Ọ̀rẹ́ Àpáta. Ìgbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ó wà ní abúlé kan tó jìn sí wa ní ìrìn ọjọ́ méjì, ó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó sì ń yá àpò èérí kiri.