Ọjọ́ Tí Gbogbo Pápá Dákẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí mi kò yọ lókè tábìlì tí ìyá mi ń pàtẹ ọṣẹ sí ní ọjà Kaneshie ní Ghana, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo wa fẹ́ràn bí ọmọ inú ilé. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí àwọn ọmọ ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Ẹ ṣáà gbà pé bí wọ́n bá borí lọ́jọ́ Àìkú, ọṣẹ á tà wàràwàrà lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n bá nà wọ́n, àwọn oníbàárà á kàn fọwọ́ kan ọṣẹ, wọn á mí kanlẹ̀, wọn á kọjá lọ.

Ìyá mi ni kí ẹ rí! Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e wá, àmọ́ bó bá kígbe, ẹni tó wà ní òdìkejì pápá á yíjú padà. Maame Alata ni wọ́n ń pè é, torí Alata ni àwọn ará Ghana ń pe gbogbo àwa Yorùbá. Bó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ó di pápá, èmi àtòun. Bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ ládùúgbò Darkuman kì í bá wa lọ. Á ní, "Ìlú onílùú la wà o. Má lọ fa ẹjọ́ sí wa lọ́rùn."

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ náà fi lówó. Nígbà tó kọ́kọ́ rà á, a gbé e gẹ̀gẹ̀. Ó gba kóòṣì kan tó mọṣẹ́, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ọdún méjì gbáko la sì fi ń jó. Àfi bí ọ̀gá ṣe ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun máa ṣọ́lé, kó máa mú bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ní ọ̀dọ́kùnrin náà kò tíì tó. Bí ọ̀gá ṣe lé kóòṣì lọ nìyẹn, tó fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sójú ilé, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń yan àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bọ́ọ̀lù tí èmi gan-an lè fi ẹsẹ̀ dá dúró ń gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n nà wá, wọ́n tún nà wá. Àwọn ọ̀dọ́ sọ òkò lu ọkọ̀ ọ̀gá, ó ní kí ọlọ́pàá kó wọn. Àwọn obìnrin ọjà bú u ní Ga, wọ́n bú u ní Twi, ìyá mi fi Yorùbá kún un. Ẹ̀rín ló ń rín nínú mọ́tò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ku ìdíje kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá nà wá níbẹ̀, a já kúrò nínú líìgì ńlá nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, bàbá káfíńtà kan tó jẹ́ alága àwa alátìlẹ́yìn wá sí ìsọ̀ wa, ó jókòó lórí páálí ọṣẹ.

"Maame Alata," ó ní, "gbogbo èébú tó wà lẹ́nu wa ti tán, kò sì dun ọkùnrin yìí. Lọ́jọ́ Àìkú, aṣọ ọ̀fọ̀ la máa wọ̀ wá, pupa àti dúdú. A ó jókòó, a ò ní sọ nǹkan kan."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dákun, èmi ni màá bà á jẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú ẹ̀ mọ́ títí dòní. Pápá kún fọ́fọ́, pupa àti dúdú lọ rẹrẹ láti ìsàlẹ̀ dókè. Kò sí fèrè, kò sí orin, àwọn ẹlẹ́pà pàápàá ò polówó. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, mo ń gbọ́ bí bàtà ṣe ń kan bọ́ọ̀lù, gbì, gbì. Mo ń gbọ́ bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń mí. Ẹyẹ kan ké lórí òrùlé, gbogbo wa gbọ́ ọ. Mo di aṣọ ìyá mi mú pinpin. Wọ́n gbá ọ̀kan wọlé wa, wọ́n gbá èkejì, kò sẹ́ni tó mira. Ẹni tó gbá a wọlé fẹ́ẹ́ fò sókè, ó wò wá, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Nígbà ìsinmi, ọ̀gá dìde láàárín àwọn ènìyàn ńlá. Òun nìkan ló la pápá kọjá nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó wá dúró níwájú wa.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló kú?" ó fi Twi bi wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ bú mi nígbà náà! Ẹ ṣáà sọ̀rọ̀!"

Ìgbà yẹn ni ìyá mi dìde. Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Àmọ́ kò pariwo. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ wo ọmọ yín. Ó ti ń sunkún láti ìgbà tí àkọ́kọ́ ti wọlé. A ò bínú sí i. Ẹ mú un kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ń pa á lára. Kí ẹ sì lọ pe kóòṣì padà."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tẹ̀ lé e dé jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ Alata, kí ló kàn ọ́?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí bàbá káfíńtà fi dìde. Obìnrin Ga tó jókòó tì wá dìde. Ìlà wa dìde, ìlà tó tẹ̀ lé wa dìde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde títí dé òkè téńté, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mo yíjú padà wo gbogbo èèyàn wọ̀nyẹn lẹ́yìn ìyá mi, omi bọ́ lójú mi, mi ò mọ ohun tó fà á.

Ọ̀gá wò wá pẹ́. Ó wá yíjú sí ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí lórí koríko, tó fi aṣọ bojú. Ó lọ bá a, ó fà á dìde, ó gbá a mọ́ra. Àwọn méjèèjì jọ rìn jáde. Ẹlòmíràn ló ṣọ́lé títí eré fi parí.

Ẹ má rò pé a borí o. Wọ́n nà wá, a sì já. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ọ̀gá fi fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà, òun àti kóòṣì kúkúrú yẹn. Ó dúró níwájú tábìlì wa, ó ní, "Maame, mo ti lọ bẹ̀ ẹ́." Ìyá mi fi igbe ta, gbogbo ọjà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọdún kejì la padà sókè. Bàbá mi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa lọ sí pápá.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹgbẹ́ òkè òkun ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń tẹ̀ lé. Wọ́n ń na ẹgbẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ yìí a sì máa bú ẹni tó ni ín lórí fóònù títí wọn ò fi ní lè jẹun. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ bó ṣe ń dunni. Mo kàn bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ìlú wo ni ọkùnrin náà ń gbé. Wọn ò mọ̀. Mo ní ṣé ó ti rí ojú yín rí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Grandma, ibo ló ti fẹ́ rí wa?"

Ọ̀gá tiwa rí wa. Ó dúró síwájú wa, ó wò wá lójú, kò sì lè padà lọ jókòó bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.